Ẹni tí Ń Ka Ìrù

Iṣẹ́ mi ni kíkà.
Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, nílé ìwòsàn kan ní Jalal-Abad,
mo ń fi ojú wo inú awò asọkékeré-dńlá,
mo ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀.
Èyí ń lúwẹ̀ẹ́.
Èyí ń yí lójú kan bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀.
Èyí ti kú kí n tó dé.
Ike kékeré ni wọ́n fi ń gbé àtọ̀ wá, nínú àpò àyà,
kí òtútù má baà pa á lójú ọ̀nà.
Àwọn ọkùnrin kì í wo ojú mi. Èmi náà kì í wo tiwọn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo ka orúkọ tó wà lára ike.
Orúkọ ìdílé wa ló ṣíwájú.
Ulukbek, àbúrò mi, ló tẹ̀ lé e.

Ọdún mẹ́fà ni ìyá wa ti ń fojú pa Burul ìyàwó rẹ̀.
Ó ní inú ọmọbìnrin náà tutù bí ààrò tí kò ríná.
Ó mú un lọ sídìí ìsun omi, wọ́n so àkísà mọ́ ẹ̀ka igi.
Ó yọ́ ọ̀rá ìrù àgùntàn, ó ní kó mu ún ní gbígbóná.
Burul mu ún. Burul bì í. Burul kò fèsì.
Ta ló ní kí Ulukbek mu nǹkan kan?

Mo tẹ ẹ̀rọ títí, kò ké tó bó ṣe yẹ.
Nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́kànlá péré ló ń lọ síwájú.
Ìrù àwọn yòókù gan
bí okùn aṣọ tí yìnyín bá níta.

Dókítà Tursunai ní, "Ọ̀rá ló bo ìrù yẹn lára.
Bí ọ̀rá bá rọ̀, ìrù á lè jù.
Ìpìlẹ̀ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, ara kò lè dá a ṣe,
ẹnu ló ń gbà wọlé.
Èyí tó le a sì máa gba ipò rẹ̀,
bí àlejò tó jókòó sórí àga onílé.
Kí lò ń jẹ lójú ọ̀nà?"
Awakọ̀ ẹrù ni. Ó ní ìyẹ̀fun díndín,
nínú òróró tó ti dúdú láti àná,
àti bọ́tà àtọwọ́dá lórí búrẹ́dì.
"Kí lò ń kó lọ sí Bishkek?"
Ó wolẹ̀.
"Àwùsá."

Inú igbó àwùsá la bí wa sí.
Láti kékeré ni èèpo rẹ̀ ti ń pa ọwọ́ wa láró,
eyín wa ni kò mọ̀ ọ́n. Owó ni.
Dókítà ní kó máa jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́,
kó jẹ ẹja odò, kó sá fún òróró àná.
"N kò ṣèlérí. Ó ṣe fún àwọn kan, kò ṣe fún àwọn kan.
Padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àtọ̀ kì í dàgbà lóru ọjọ́ kan."

Èmi ni mo sọ fún ìyá wa.
Ó ń fi òkúta fọ́ àwùsá. Kò dáwọ́ dúró.
Ó ṣa àwọn odindi tí à ń pè ní labalábá,
èyí tó wọ́n jù lọ́jà,
ó kó o sínú abọ́, ó gbé e síwájú Burul.
Kò tọrọ àforíjì. Bóyá òun nìyẹn.
Burul jẹ mẹ́ta kó tó pe ọkọ rẹ̀.

Ìrì dídì ti bo òrùlé nígbà tí ike kejì dé.
Mọ́kàndínlógún.
Kò tíì tó.
Ṣùgbọ́n ọ̀kan kọjá níwájú ojú mi, ó ju ìrù,
ó sá jáde kúrò nínú ìlà onígun mẹ́rin tí mo ń kà.
Òfin ni pé kí n má kà á.
Mo gbé àtàǹpàkò mi sókè, mo jẹ́ kó lọ.